Ẹ fọmọ sílẹ̀ kó parí iléèwé ná

Mo ti ń pa á mọ́ra láti àárọ̀, àmọ́ mi ò lè gbé e sùn. Ọ̀gá kan fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́fà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa níbí ní Wichita, ní Amẹ́ríkà. Ó ní ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti mọ gọ́ọ̀fù gbá débi pé iléèwé ló kù tó ń dí i lọ́wọ́. Ó ní ọ̀nà ti là: tó bá ti pé ogún ọdún, á bọ́ sí Korn Ferry Tour, ìdíje gọ́ọ̀fù tó wà lábẹ́ PGA Tour, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ wọn dàgbà. Ọdún kejì, PGA Tour, ìdíje àwọn ọ̀gá gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà. Ọdún kẹta, ilé ní Lekki. Gbogbo ilé dáhùn pé "Àmín, ní orúkọ Jésù." Èmi nìkan ni mi ò ṣe àmín, wọ́n sì ti ní inú mi ò dáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Oṣù Kẹfà ni Korn Ferry Tour máa ń dé ìlú wa, ní Crestview Country Club. Wichita wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ń gbá a láti ọdún 1990 tí wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Ben Hogan Tour. Láti ìgbà náà ó ti pa orúkọ dà nígbà márùn-ún, bí ẹni tó ń sá fún olówó èlé: Nike, Buy.com, Nationwide, Web.com, kó tó wá di Korn Ferry ní 2019. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti sanwó ló ń sọ ọ́ lórúkọ.

Mọ́tò mi ni mo fi ń gbé èrò, ẹ mọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo gbé ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó kan nítòsí pápá náà. Àpò gọ́ọ̀fù rẹ̀ kò wọnú búùtù, nítorí àga ọmọ mi àti páálí omi ti gba ibẹ̀. Ó gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó fa bẹ́líìtì, ó de àpò náà bí ẹni ń de ọmọ ọwọ́. Òun alára wá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí: ọ̀tún ti pọ́n bí ọwọ́ bíríkìlà, òsì funfun báláú. Mo rò pé àìsàn ni. Ìbọ̀wọ́ ni o. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń wọ̀ ọ́ sí, oòrùn kì í rí ibẹ̀.

Mo ní báwo ni òde. Ó gbé ìka kan sókè. Ìgbá kan ṣoṣo ló fi kùnà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, báyìí ló ṣe rí: nǹkan bí ènìyàn 150 ló ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Tó bá di alẹ́ Jímọ̀, wọ́n á gé e kù sí 65 tí ìgbá wọn kéré jù, pẹ̀lú àwọn tí iye ìgbá wọn bá dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni kárùndínláàádọ́rin. Àwọn yẹn ló ń gbá a ní Sátidé àti Sọ́ńdè, àwọn yẹn ló ń gbowó. Ó dà bí JAMB tó fi máàkì kan gé ẹ, àfi pé JAMB ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ó ní ní ihò kejìdínlógún, èyí tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù yí lọ, ó yí lọ, ó dúró sí etí ihò. Ó fi ìka méjì wọn bó ṣe kù tó hàn mí. Kò tó orí igi ìṣáná.

Mo ní ó dáa, èló ni wọ́n wá fún ọ. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Kò sí nǹkan kan! Ẹni tí wọ́n bá gé ní Jímọ̀, òfo ni, kò sí owó mọ́tò pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ó ti san owó bàálù, ó san owó kádì tó ń bá a gbé àpò, ó jẹun. Ilé ìyá àgbà kan tó ń gba àwọn agbá-gọ́ọ̀fù sílé lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń sùn, àánú Ọlọ́run nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ti gba ohun tó ju ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní káàdì Korn Ferry gan-an, ìyẹn àṣẹ láti máa gbá níbẹ̀. Ìdánwò Ọjọ́ Ajé, èyí tó fowó ara rẹ̀ san, ló bá wọlé.

Mo ní ta ló wá ń gbé ẹrù yìí. Ó ní ìyàwó òun. Mo ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó ní nọ́ọ̀sì ni.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo ní háà, ẹ̀yin òyìnbó náà ń ṣe é?

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́. Ó yọ rìsíìtì kúrò lápò ṣòkòtò, ó ń tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí itan, ó ń fi fóònù rò ó. Títí a fi dé ilé ìyá náà, kò tíì rò ó tán.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó bí mi nínú jù. Káàdì PGA Tour 30 ni wọ́n ń pín tẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ará Korn Ferry nípárí ọdún. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn àgbà PGA Tour jókòó, wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, wọ́n gé e sí 20, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ní ìdíje Korn Ferry olówó mílíọ̀nù kan dọ́là ń mú 180,000 lọ sílé. Lókè lọ́hùn-ún ní PGA Tour, ìdíje wọn mìíràn jẹ́ ogún mílíọ̀nù. Wọ́n ní kí ọmọ wá gun àkàsọ̀, wọ́n sì ń yọ ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ta ni wọ́n ń tọ́ dàgbà?

Mo mọ̀ pé ẹ máa pe Scottie Scheffler fún mi, agbá-gọ́ọ̀fù tó ti dé ipò kìíní lágbàáyé. Òótọ́ ni, Korn Ferry ló wà ní 2019, ó gba ife méjì lọ́dún náà, ẹ sì rí ibi tó wà lónìí. Ẹnìkan ni Scheffler. Ẹ tún fẹ́ sọ pé ọmọ dúdú ni tiwa, wọ́n á ṣí ọ̀nà fún un. Ta ló sọ fún yín? Títí di 1961 ni òfin PGA fi sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́ àwọn. Ọdún 2010 ni wọ́n tó dá APGA Tour sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè Willie Mack III, ọmọ Flint ní Michigan, agbá-gọ́ọ̀fù APGA. Ó ju ọdún kan lọ tó fi sùn nínú mọ́tò rẹ̀. Àyè tó rí gbá ní ìdíje PGA Tour ní Torrey Pines ní 2021, COVID tó mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló là á fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sórí WhatsApp nìyẹn. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n kí n jẹ́wọ́. Áàpù fi orúkọ ọ̀dọ́kùnrin yẹn hàn mí, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń yọ́ wo èsì Korn Ferry lálaalẹ́ Jímọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kì í sí níbẹ̀ rárá. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo rí i. Wọn ò gé e lọ́tẹ̀ yìí, ìgbá kan ló fi là. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde ní kíṣìnnì, ó rò pé àwọn ará ilé ló pè. Mo ní kò sí, gọ́ọ̀fù ni. Ó wò mí títí, ó ní, "Gọ́ọ̀fù wo? Èyí tí o ní kí ọmọ ọlọ́mọ má gbá?"

Mo ti pa ohun tí mo tẹ̀ rẹ́. Mo tún un tẹ̀, mo tún pa á rẹ́.

Ọ̀gá ti fi fídíò ọmọ náà ránṣẹ́ báyìí. Mo ní mi ò ní wò ó. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé igi sókè, ó dúró díẹ̀, bọ́ọ̀lù sì fò lọ pátápátá. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó juwọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti mọ́ ju ti ọ̀tún lọ.