Àtúnṣe: Àwòrán orí ìwé àkọsílẹ̀ owó ti wà kí ẹ̀wọ̀n tó dé
Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé ẹ̀wọ̀n Fort Marion ní Florida ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ti kọ́ yíyàwòrán sórí ìwé àkọsílẹ̀ owó, àti pé iṣẹ́ náà ti kú. Irọ́ ni, ó sì dùn mí. Awọ ẹfọ̀n ni àwọn jagunjagun wọn ń ya ìtàn ogun wọn sí tẹ́lẹ̀; nígbà tí àwọn òyìnbó ń pa ẹfọ̀n run ni àwọn jagunjagun náà bọ́ sórí ìwé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n Fort Marion láti 1875 sí 1878 yà lóòótọ́, ẹ̀yà Cheyenne àti Kiowa ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Terrance Guardipee, ọmọ ẹ̀yà Blackfeet láti ìpínlẹ̀ Montana, ń yà á lóde òní: máàpù àtijọ́ àti rìsíìtì ló ń lẹ̀ pọ̀, tí ẹṣin á máa sáré lórí wọn, tí ìkọ̀wé akọ̀wé àtijọ́ á ṣì hàn lábẹ́ ọ̀dà.