Ìdì Igi Ọdún 1971 Tí A Kò Tíì Sọ̀ Kalẹ̀

Iná ti lọ ní Kàbbà lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, epo tí ó kù nínú jẹnẹrétọ̀ kò sì lè gbé mi kọjá aago mẹ́wàá, àmọ́ "undefined reference", pé òun kò rí ohun kan tí ètò mi ń pè, ni kọ̀ǹpútà ń kọ sí mi lójú láti ìrọ̀lẹ́.

Ètò kékeré kan ni mo ń ṣe fún ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù kan ní Ìsánlú. Linux orí kọ̀ǹpútà wọn kò dọ́gba lọ́jọ́ orí, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ di gbogbo ohun tí ètò náà nílò sínú rẹ̀. Mo so libcurl.a, láìbìrárì (àkójọ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tí ó ń gbé dátà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ́ ọn; linker, irinṣẹ́ tí ó ń so wọn pọ̀, ní òun ń wá ohun tí ó wà nínú OpenSSL, láìbìrárì tí ó ń fi àṣírí bo dátà. Mo fi dátà tí mo fowó rà wá ìyẹn wá, ó tún ní zlib, tí ó ń fún dátà pọ̀, ńkọ́. Mo kó gbogbo wọn jọ tán, ó ṣì kọ̀, nítorí pé nínú fáìlì méjì ti OpenSSL, mo kọ libcrypto.a ṣáájú libssl.a tí ó nílò rẹ̀! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni linker ń ka fáìlì .a kọ̀ọ̀kan, láti òsì sí ọ̀tún. Ohun tí a kò bá tíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń kọjá lọ, kò ní padà wá mú un.

Kí ni fáìlì .a gan-an? Ìdì igi lásán ni. A kọ "!<arch>" sí orí rẹ̀, a sì fi báìtì 60 ṣe àkọlé fún fáìlì kọ̀ọ̀kan tí a dì sínú rẹ̀. Àyè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ tí a ṣe é, àyè wà fún nọ́ńbà ẹni tí ó ni ín, àmọ́ kò sí ibi tí a kọ láìbìrárì tí ó nílò sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fáìlì .so, àbúrò rẹ̀ tí a kì í dì sínú ètò, ń gbé orúkọ àwọn tí ó nílò sínú ara rẹ̀. Ìwé ìtọ́ni Unix àkọ́kọ́ ti dárúkọ ar, irinṣẹ́ tí ó ń di fáìlì .a, ní 1971. Wọ́n ti tún àkọlé yẹn ṣe láti ìgbà náà, wọn kò sì rántí èyí! Àwọn kan yóò ní kí n lo pkg-config, irinṣẹ́ tí ó ń to àwọn láìbìrárì tí a nílò fún wa. Mo mọ̀ ọ́n. Fáìlì mìíràn ni ó ń ka àkójọ náà láti inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta oògùn fún mi, tí ó sì fi ìwé ìlò rẹ̀ sí ilé aládùúgbò.

Nígbà tí mo gbé libcrypto.a sẹ́yìn libssl.a, tí mo fi libz.a kádìí rẹ̀, ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé mo yí lẹ́tà kan padà nínú iṣẹ́ tí mo kọ. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni jẹnẹrétọ̀ kú.