Iyọ̀ Ni àbí Ìdọ̀tí? Ẹ Kọ Ọ́ Kó Yé Wa!

Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹja àti bọ́tà ní èdè Faransé, kí ni àmì kékeré tó wà lórí é fi ṣe yín tí ẹ fi ń yọ ọ́ dànù? POISSON SALE. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ ọ́, gàdàgbà, lẹ́tà ńlá látòkèdélẹ̀. Ẹja oníyọ̀ ló wà lọ́kàn yín, èyí tó yẹ kó jẹ́ salé. Èyí tí ẹ wá kọ sílẹ̀ ni sale, ẹja tó dọ̀tí. Ta ló fẹ́ fowó ra ẹja tó dọ̀tí? Bọ́tà oníyọ̀ tí àwọn ará Bretagne ní ilẹ̀ Faransé fẹ́ràn náà kò bọ́ lọ́wọ́ yín: beurre salé di bọ́tà onídọ̀tí.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹni tó gbọ́ Faransé á mọ ohun tí ẹ ń wí. Ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa kọ́ ni ìyà yìí ń jẹ. Ọmọ tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ló ń jẹ ẹ́, irú ọmọ Kétu tàbí Sákétẹ́ tó ń fi Faransé kàwé nílé ẹ̀kọ́, tó sì máa bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé bó bá ti sọdá sí Nàìjíríà. Níbẹ̀, SALE lára ṣọ́ọ̀bù túmọ̀ sí pé ọjà wà fún títà, tàbí pé wọ́n ti ja owó rẹ̀ wálẹ̀. Kó wá dé Ítálì, SALE tún nìyẹn lára páálí iyọ̀, nítorí iyọ̀ gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà, orísun mẹ́ta. Ti Gẹ̀ẹ́sì wá látinú sala, èdè Norse àtijọ́. Ti Faransé wá látọ̀dọ̀ àwọn Frank, ẹ̀yà àtijọ́ kan. Ti Ítálì wá látinú sal ti Látìn. Wọn ò bára tan rárá! Èyí tó bá ti Ítálì tan ni salé, ọ̀kan náà tí ẹ yọ àmì orí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń fi ìdílé rẹ̀ hàn, òun lẹ jù sígbó.

Àwọn áàpù atúmọ̀ èdè tún wá dá kún un. Èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí i, á ní kí áàpù fúnra rẹ̀ dá èdè náà mọ̀. Kí ló fẹ́ fi dá a mọ̀? Nínú sale nìkan, kò sí ohun tó fi Faransé hàn tàbí Ítálì. Á kàn mú ọ̀kan, kò ní sọ fún yín pé méjì ṣẹ́ kù, á sì gbé e síwájú yín bí ẹni tó dá a lójú. Ẹ yan èdè náà fúnra yín. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí atọ́ka tó ṣáájú rẹ̀ wà níbẹ̀, bíi le tàbí la ti Faransé, das tàbí die ti Jámánì. (Die yẹn náà rèé: lọ́dọ̀ ará Jámánì, atọ́ka lásán ni; lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikú ni.)

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń sọ pé "bó bá ti jọ Gẹ̀ẹ́sì, ohun kan náà ni," ẹ̀yin lẹ bí mi nínú jù. Láti 1928 ni òǹkọ̀wé méjì, Koessler àti Derocquigny, ti fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lórúkọ ní ilẹ̀ Faransé, faux amis, ọ̀rẹ́ èké. Ẹ sì tún wá da oríṣi méjì pọ̀ sínú orúkọ kan yẹn. Gift jẹ́ ẹ̀bùn ní Gẹ̀ẹ́sì, májèlé ní Jámánì. Ọmọ ìyá ni wọ́n: "fífúnni" ni ìpìlẹ̀ méjèèjì, Mitgift sì ṣì jẹ́ ẹrù ìyàwó ní Jámánì títí dòní. Ní Swídìn, ẹni tó kọ gift sínú fọ́ọ̀mù ń sọ pé òun ti ṣègbéyàwó, májèlé sì tún ni ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Irú èyí ṣeé tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo barn. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bere ni ọkà bálì, ærn ni ilé, ó di abà. Ní Swídìn, ohun tí a bí ni, ìyẹn ọmọ. BARN lára pátákó iye owó ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ń sọ iye tí ọmọdé máa san. Kò sí ipasẹ̀ kankan láti tọ̀ láti abà dé ọ̀dọ̀ ọmọ! Kíkọ́ sórí ni. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Kí ẹ sì jẹ́ kó gbọ́ ọ kó tó rí i. Pain Faransé, búrẹ́dì, wá látinú panis. Pain Gẹ̀ẹ́sì, ìrora, wá látinú poena, ìyà. Ojú ló ń pa wọ́n pọ̀. Etí Yorùbá kì í ṣì wọ́n gbọ́, torí pé a ní fáwẹ́lì aránmúpè tiwa: ti Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bíi "pẹn".

Àwọn èdè tó súnmọ́ra jù pàápàá kò bọ́. Arroz de polvo lórí tábìlì ní Pọ́túgàl jẹ́ ìrẹsì pẹ̀lú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ará Sípéènì kà á, ó rí ìrẹsì eruku. Burro ni bọ́tà ní Ítálì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ní Sípéènì.

Àwọn wọ̀nyẹn kò ní àmì tí ẹnikẹ́ni lè fi yà wọ́n. Salé ní tirẹ̀! Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dáhùn: bọ́tìnnì. Òótọ́ ni pé lórí AZERTY, àtẹ bọ́tìnnì àwọn ará Faransé, é wà lórí bọ́tìnnì 2, bí ẹ bá sì fi Shift tẹ̀ ẹ́, 2 ló ń jáde, kì í ṣe É. Ṣùgbọ́n Académie française, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó èdè Faransé, ti sọ ọ́ pé àmì orí lẹ́tà ńlá jẹ́ ara ìkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀, AFNOR, àjọ tó ń gbé ìlànà ọjà kalẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, sì ti gbé àtẹ bọ́tìnnì tó ní É jáde láti 2019. Lórí fóònù, ẹ tẹ E mọ́lẹ̀, kó pẹ́ díẹ̀, á yọ jáde. Lórí Windows, ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ 0201 níbi nọ́ńbà apá ọ̀tún. Bọ́tìnnì márùn-ún péré! Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó gbé ẹja yẹn lọ sọ́jà.