Omijé Òṣómàáló

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ìtàn ìṣẹ́ òde òní, ẹ mà kú làálàá o! Kí ìtàn yín tó wọ orí WhatsApp wa ní Iléṣà níbí, ojú gbogbo wa ti máa ń wú sílẹ̀ dè é.

Ti áńkáṣíìfù yẹn ló wú mi lórí jù. Nínú ìtàn yín, kò sí ìyá ọlọ́mọ tí kì í wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ sínú áńkáṣíìfù funfun. Ilé ń jò, gàrí tán, onílé fẹ́ kó ẹrù wọn síta, àmọ́ áńkáṣíìfù wà ńbẹ̀, funfun báláú. Ta ní ń fọ̀ ọ́? Ọṣẹ wo? Ní ìpín kejì, ìyá tún wúkọ́, áńkáṣíìfù sì tún ti funfun! Bí obìnrin yìí bá ṣe alágbàfọ̀ ní Ìsọ̀kun, ọmọ rẹ̀ ì bá ti jáde yunifásítì. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, oṣù 6 ni wọ́n sábà fi ń lò ó. Àmọ́ bí ìyá bá lo oògùn, kí lẹ ó fi pa wá lẹ́kún?

Wọ́n á wá kọ ọ́ sí ìdí ìtàn: ẹni tí kò bá sunkún, ọkàn òkúta ló ní. Ìwọ̀sí rèé! Àwọn òṣómàáló tó jẹ́ bàbá wa, aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ tà láwìn kí wọ́n tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Ẹ̀yin, kí lẹ tà fún mi? Ẹ ò jẹ́ kí ìyá yìí bú ẹnikẹ́ni rí, ẹ ò jẹ́ kó purọ́, ẹ ti lóṣòó, ẹ ń bèèrè omijé.

Láti 1929 sí 1930 tí Isaac Thomas ń gbé lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, obìnrin tó fi orí ara rẹ̀ dá, jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, arúgbó aláìsàn yẹn ń sunkún, ó tún ń fi ẹgbẹ̀rún ọkọ yangàn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni.

Ìyá tèmi, ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà lọ́jà Àtakúnmọ̀sà. Lọ́jọ́ tí ilé bá gbẹ, epo pupa ni wọ́n fi ń pa wá létè ká tó jáde, kí ará ilé kejì lè rò pé a ti jẹun. "Ẹ má lá a o!" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á ti lá tirẹ̀ tán kó tó dé ojúde, á wá kọjú sí tèmi. Mi ò tíì dárí jì í.