Ẹ Gbé Iyọ̀ Yín Kúrò Nídìí Ata Mi

Ẹni tó bá tún la ẹnu pé kí n wọ́n iyọ̀ sí i lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìgbín tó ń jẹ ata mi, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Ó ti sú mi. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ló ti di oníṣègùn ìgbín, oògùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì mọ̀.

Àgbàlá ilé tí à ń gbé, sìmẹ́ńtì ni jákèjádò, kò síbi téèyàn máa ti ọkọ́ bọ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni mo ń gbin nǹkan sí, inú báàfù tó ti sán, inú àpò ìrẹsì. Táyà ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ tí mo fi ewédú sí. Ata rodo, tẹ̀tẹ̀, efinrin. Ẹ má pè é ní fàájì o. Ẹni tó bá ná ata rodo ní Òkè-Àjẹ láìpẹ́ yìí á mọ̀ pé èmi ò ṣeré.

Kí òjò ṣáà ti wọlé ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ogun dé nìyẹn, ó di ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé kí n tó sinmi. Tẹ̀tẹ̀ á hù, á tutù yọ̀yọ̀, inú mi á dùn. Ilẹ̀ á ṣú. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, igi rẹ̀ ló kù lóòró, ewé ti lọ. Ti ata tiẹ̀ tún sàn díẹ̀. Ihò ni wọ́n ń dá sí i lára, ihò tí etí rẹ̀ rí jágajàga, wọ́n á wá fi itọ́ sàmì sára bọ́kẹ́ẹ̀tì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kó lè dá mi lójú pé àwọn ni. Ará ilé wa kan ní tata ni. Tata wo ló ń fi itọ́ rìn?

Ká ní ìgbín gidi ni, àwọn abara bàmù tí wọ́n ń tà létí títì márosẹ̀, mi ò ní bínú tó báyìí. Ó jẹ ata mi, èmi náà á fi èyí tó kù sè é, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kan ní gbèsè. Àmọ́ àwọn tèmi yìí, ìpére kéékèèké ni, tí wàá kó kún agolo tí kò ní tó ẹran ẹnu ọmọdé. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní ìkarahun rárá, wọ́n kàn ń wọ́ nílẹ̀ bí ikun imú. Ahọ́n wọn yẹn ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín tíntìntín ló wà lórí rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ha ewé. Èyí tó wá burú jù ni pé kò sí akọ, kò sí abo láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ méjèèjì pọ̀, nítorí náà kò sí èyí tí kò lè yé ẹyin. Mo da yẹ̀pẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀, mo bá ẹyin wọn nísàlẹ̀, funfun, róbótó-róbótó, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí mo lu kí omi lè máa rí ibi jáde. Ihò tí mo fi ọwọ́ ara mi lu ni wọ́n sọ di ilé ìgbẹ̀bí!

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí gan-an ni kí n wá sọ. Iléyá tó kọjá, àlejò kún ilé wa nítorí Òjúde Ọba. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta Iléyá, èmi àti regbéregbé mi, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí mi, ti wọṣọ, a ti jáde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n kù sílé rí ìgbín lára bọ́kẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá wọ ilé ìdáná mi, wọ́n gbé iyọ̀, wọ́n dà á yí ìdí ata po. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, mo ti bá ẹ yanjú ẹ̀." Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. Mo kúnlẹ̀ nínú aṣọ òkè, mo ní ẹ ṣé, sà.

Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà, gbogbo iyọ̀ yẹn yòrò wọnú yẹ̀pẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ gbalasa ni, omi ì bá wọ́ ọ lọ. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ibo ló fẹ́ gbà? Ìdí gbòǹgbò ló jókòó sí, kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, bí yẹ̀pẹ̀ tilẹ̀ tutù. Etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, òdòdó já bọ́, igi kú. Ẹ̀gbọ́n tún pè mí láti Ìbàdàn, wọ́n ní ṣé àwọn ìgbín yẹn ò wá mọ́. Mo ní wọn ò wá mọ́, sà. Kí ni wọ́n fẹ́ wá jẹ?

Àwọn tí kò sọ iyọ̀, eérú ni wọ́n ń sọ. Eérú dáa bó bá gbẹ. Nínú òjò oṣù kẹfà, ní Ìjẹ̀bú, ẹ ń sọ eérú gbígbẹ fún mi! Èèpo ẹyin, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹmu tàbí bíà nínú abọ́ tí a rì mọ́ yẹ̀pẹ̀, ìyẹn ń mú wọn lóòótọ́, òórùn kíkan rẹ̀ ló ń fà wọ́n wá kú sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ yẹ̀yẹ́ tí bàbá onílé fi mí ṣe: "Ìyá Kẹ́hìndé, ò ń fún ìgbín lẹ́mu, èmi ò rí mu." Ẹnì kan tún ní kí n ra oògùn, èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá láìsí orúkọ lára. Mi ò rà. Oògùn ìgbín tó bá ní metaldehyde nínú ń pa ajá, ó ń pa adìyẹ, adìyẹ ìyá onílé kì í sì í kúrò nídìí àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Kí n wá máa san owó adìyẹ?

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò wu ẹnikẹ́ni í gbọ́, torí wàhálà wà nínú ẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, ọ̀rá lọ́wọ́, kí n máa ṣa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. (Ẹ má fọwọ́ lásán mú wọn. Aràn kan tó ń ti ara eku wá lè wà lára wọn, ó lè wọ èèyàn lọ́pọlọ. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ yín dáadáa.) Àárọ̀ ni mo ń bomi rin ata àti ẹ̀fọ́ mi, kí ojú yẹ̀pẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tẹ̀tẹ̀ ti gun orí tábìlì, mo ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ agolo omi, mo tún ń da omi ọ̀hún nù kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Lọ́sàn-án, mo ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì nídìí, torí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Mò ń ṣa wọn, wọ́n ń wá. Ibo ni wọ́n ti ń wá? Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó rà á ń gbé Èkó. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kì í ṣe títà, ó bá tirẹ̀ lọ. Igbó ibẹ̀ ti ga jù mí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó iyọ̀ wá bá mi, ibẹ̀ náà lẹ ń da ìdọ̀tí sí! Ẹ ó rin ewùrà tán fún ìkọ́kọrẹ́, ẹ ó gbọ́n èèpo rẹ̀ sẹ́yìn fẹ́ǹsì. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó ti rà, ibẹ̀ ni. Ìgbín á jẹ, á yó, á yé, á gun ògiri wá sọ́dọ̀ mi, ẹ ó wá dúró lójú fèrèsé, ẹ ó ní, "Ṣé ẹ ò wọ́n iyọ̀ sí i ni, mà?"

Onílẹ̀ yẹn kì í pa Òjúde Ọba jẹ. Mo rí i lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, aṣọ olówó ńlá ló wọ̀. Mo kí i, mo sọ ọ̀rọ̀ igbó náà fún un, ó ní òun máa rán èèyàn wá. À ń retí èèyàn títí dòní. Lọ́dún tó kọjá, owó ara mi ni mo fi bẹ àwọn ọmọ tó ro ibẹ̀. Ti ọdún yìí, mo ti gba nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo máa ya fọ́tò ìgbín ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, títí wọ́n á fi rán aládàá wá.