Ewúro Korò, Kì Í Ṣe Májèlé

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èyí tí wọ́n bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà ni. Èyí tó bá fẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ wa ò wo ilé mọ́ kí wọ́n tó pe ènìyàn ní "toxic", ìyẹn olóró? Bàbá tó ní kí ọmọ má wọlé lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, toxic. Ọ̀rẹ́ tó béèrè owó tó yá ọ̀rẹ́, toxic. Ìyá ọkọ tó ní ọbẹ̀ ò níyọ̀, òun náà toxic!

Ẹ jẹ́ ká wo ilé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti ṣẹ̀ wá. Toxon ni wọ́n ń pe ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà. Toxikon ni oró tí wọ́n fi ń pa ẹnu ọfà ọ̀hún. Àwọn ọdẹ tiwa náà mọ ọfà olóró: ẹran tó bá bà kì í lọ jìnnà. Ọ̀rọ̀ ikú ni. Májèlé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi í júwe tẹ́lẹ̀, kó tó wá di ti ìwà ènìyàn, títí tí àwọn oníwèé atúmọ̀ èdè Oxford fi mú un ní ọ̀rọ̀ ọdún 2018.

Ìwà olóró wà o, mi ò jiyàn. Ọkùnrin tó ń lu ìyàwó, tí kì í jẹ́ kó lọ kí òbí rẹ̀, oró ni. Ọ̀gá tó ń fi owó oṣù dẹrù ba ọmọbìnrin kó lè bá a sùn, oró ni. Ẹ sá fún wọn.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí tó ń ránṣọ fún mi. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan rán apá gáùn mi. Àǹtí yí i sódì, ó fìka tọ ojú rírán náà: "Wò ó, ó hunjọ. Tú u." Ọmọ náà mú abẹ, ó tú u, ó tún un rán. Ó tún hunjọ. "Tú u." Nígbà kẹta, ó ju abẹ sílẹ̀, ó gbé báàgì, ó jáde. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń fi fóònù hàn wá: ó ti kọ ọ́ sórí WhatsApp pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá toxic. Ọ̀gá tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó tún ń fún un lówó oúnjẹ ọ̀sán!

Ṣé ewúro lásán lẹ wá ń pè ní májèlé? Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ̀yin kì í dúró de ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ti gbé báàgì. Ìwọ ọmọ yìí, pa ohun tí o kọ yẹn rẹ́, kí o lọ kúnlẹ̀ fún Àǹtí rẹ. Gáùn mi ṣì wà lórí tábìlì níbi tí o jù ú sí, apá kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀.