Ibi ìwádìí orúkọ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀

Àtúnṣe tí ìjọba ní àwọn fẹ́ ṣe sí ojú òpó tí a fi ń forúkọ àmì ọjà (trademark) sílẹ̀ yìí, ó dáa o. Àmọ́ kí wọ́n má kàn kùn ún lọ́dà tuntun lásán. Àbúrò mi ń di èlùbọ́ sínú ọ̀rá tà ní Bódìjà níbí. Ẹnì kan ti ń lo orúkọ ọjà rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà, àwọ̀ ọ̀rá bákan náà. Tí a bá ń wá orúkọ níbẹ̀, ṣé ojú òpó tuntun á rí irú ìyẹn, àbí orúkọ tó bára mu délẹ̀délẹ̀ nìkan ló máa gbé jáde? Tí èèyàn bá tẹ orúkọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé tí ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, bá ti wà nílẹ̀, ó ti parí. Irọ́ ni! Orúkọ iléeṣẹ́ lọ́tọ̀, àmì ọjà lọ́tọ̀. Ìsọ̀rí tí wọ́n pín ọjà àti iṣẹ́ sí jẹ́ 45, inú ìsọ̀rí 30 ni èlùbọ́ bọ́ sí. Kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn kí èèyàn tó sanwó.

Oṣù 2 péré ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ tako àmì ọjà tí ẹlòmíràn fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí wọ́n máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Tí owó bá sì kúrò ní báńkì tí rìsíìtì ò jáde, nọ́ńbà wo la máa pè tí wọ́n á gbé e?